Àkàrà Ẹgbẹ̀rún Náírà àti Okùn Ìsàlẹ̀ Òkun

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, mo dúró níwájú ìyá kan tó ń din àkàrà ní Mọ́kọ́lá, nílùú Ìbàdàn. Ààwẹ̀ Ràmàdánì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́rin, àwọn tó fẹ́ ra ohun tí wọn yóò fi ṣínu sì ti yí agbada epo ká débi pé ooru ń jó wa lójú. Ọmọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi di dàbínù mẹ́ta mọ́wọ́, kò jẹ ẹ́, kò sì fi í sápò, ó kàn ń wo ọ̀kánkán mọ́ṣáláṣí. Mo ra àkàrà ẹgbẹ̀rún náírà kan. N kò ní owó lọ́wọ́, nítorí náà mo fi fóònù san án, mo sì nu èéfín epo kúrò lójú gíláàsì mi kí n lè rí ohun tó kọ. Fóònù mi ní owó ti lọ. Fóònù ìyá, tó wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ata, kò dún.

"Ẹ má bínú o, bùrọ̀dá, alẹ́ẹ̀tì kò tíì wọlé."

"Ó ti kúrò lọ́dọ̀ mi, mà. Ẹ wò ó."

Ó wò ó, ó sì tún wo èmi náà. Ó ní òun gbà, àmọ́ àwọn méjì kan ti fi irú rẹ̀ hàn òun láti ọ̀sán, owó wọn kò sì tíì dé. A dúró. Ladàánì pe ìrun, ọmọkùnrin yẹn ju dàbínù sẹ́nu, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í na owó gidi kọjá lórí èjìká mi. Níkẹyìn ìyá náà fi ìwé ìròyìn wé àkàrà mi, ó ní, "Ẹ máa mú un lọ. Bó bá wọlé, ó wọlé. Bí kò bá wọlé, ẹ mọ ọ̀nà ibí."

Àárín fóònù mi àti fóònù rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ. Ìdí tí owó kò fi lè rìn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ni mo ń ro láti ìgbà náà, gbogbo ìròyìn ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ti okòwò tí mo bá kà lẹ́yìn rẹ̀ ni mo sì máa ń fi ọ̀rọ̀ àkàrà yẹn wọ̀n wò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà kò pẹ́ kó tó di mímọ̀. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, okùn mẹ́rin tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì gba ìsàlẹ̀ òkun kọjá létí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bàjẹ́ ní tòsí Abidjan, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Orúkọ wọn ni WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne. Nàìjíríà, Gánà, Bẹ̀nẹ̀, Làìbéríà, Côte d'Ivoire fúnra rẹ̀ àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ló fara gbá a. Ọ̀pọ̀ báńkì kọ̀wé sí oníbàárà wọn pé kí wọ́n ṣe sùúrù. Àwa tí a wà ní Ìbàdàn kò mọ̀ ju pé "nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa" lọ, ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ bí ẹni ń sọ pé òjò ṣú. Èmi gan-an tí mo ń pe ara mi ní ẹni tó ń ka ìròyìn ìmọ̀ ẹ̀rọ, mo ṣì máa ń gbé fóònù sókè bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dákú, bí ẹni pé ojú ọ̀run ló ti ń rọ̀. Òótọ́ ni pé afẹ́fẹ́ ló ń gbé e láti fóònù dé òpó tó wà ládùúgbò. Láti ibẹ̀ lọ, ilẹ̀ ló ń gbà, tó bá sì kúrò ní Èkó tó ń lọ sókè òkun, inú omi ló ń wọ̀. Díẹ̀ bíńtín ni sátẹ́láìtì ń gbé nínú ohun tó ń lọ láti kọ́ńtínẹ́ǹtì kan sí èkejì. Okùn inú òkun ló ń gbé ìyókù, gígùn gbogbo wọn káàkiri àgbáyé sì ju mílíọ̀nù kan kìlómítà lọ.

Ẹni tó bá gbọ́ "okùn" lè máa rò pé ohun ńlá ni. Níbi tí òkun ti jìn, kò nípọn ju rọ́bà tí a fi ń bomi rin òdòdó lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ ike, irin àti bàbà tó ń gbé iná fún àwọn ẹ̀rọ tó ń ran ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe gbogbo rẹ̀ wà láàárín gbùngbùn: gíláàsì tín-ín-rín bí irun orí, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ sáré. Ìmọ́lẹ̀ yìí máa ń tàn, ó máa ń kú, ó tún ń tàn, lọ́nà tó yára kọjá ohun tí ojú lè rí, ìtàn àti ìkú yẹn ló di lẹ́tà, àwòrán, ohùn, àti ẹgbẹ̀rún náírà.

Kì í ṣe gíláàsì lásán ni o. Ṣáájú ọdún 1966, bí èèyàn bá tan ìmọ́lẹ̀ sínú okùn gíláàsì tó dára jù lọ nígbà náà, ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ló máa ń kù tó bá fi rin mítà 20. Mítà 20 kò gùn tó láti ibi ìyá alákàrà dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Charles Kao, ọmọ bíbí Shanghai tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí kan ní Harlow, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló jókòó pẹ̀lú George Hockham, tí wọ́n ṣírò rẹ̀ pé gíláàsì kọ́ ló lẹ́bi, ìdọ̀tí inú rẹ̀ ni, pé bí a bá lè yọ ìdọ̀tí yẹn, ìmọ́lẹ̀ á rin ọ̀nà jíjìn. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò gbà wọ́n gbọ́. Lónìí, ìmọ́lẹ̀ tó bá rin kìlómítà kan gbáko ṣì máa ń ku ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọdún 2009 ni wọ́n tó fún Kao ní ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì, ọdún mẹ́tàlélógójì lẹ́yìn tó kọ ìwé rẹ̀. Ó dùn mí díẹ̀ pé ìròyìn ìmọ̀ ẹ̀rọ kì í fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ irú àwọn bẹ́ẹ̀. Fóònù tuntun tó yọ kámẹ́rà kan kún kámẹ́rà ló máa ń gba ojú ìwé, ẹni tó fọ gíláàsì mọ́ kì í gbà á.

Kí ló wá já okùn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà? Ohun tó máa ń bà wọ́n jẹ́ jù káàkiri ayé ni àwọ̀n apẹja àti ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi. Ní oṣù kan péré ṣáájú, ọkọ̀ Rubymar tí àwọn Houthi, ajagun ilẹ̀ Yemen, yìnbọn lù ní Òkun Pupa ń sú lọ pẹ̀lú ìdákọ̀ró rẹ̀ nílẹ̀, òun ni wọ́n sì ka jíjá okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́ta níbẹ̀ sí lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ibi tí okùn MainOne ti já jìn tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta sísàlẹ̀ omi. Àwọn tó ni ín sọ pé kò sí ìdákọ̀ró tàbí àwọ̀n tó lè dé irú ibẹ̀, pé ó jọ pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ló mì. Iwájú Abidjan gan-an ni àfonífojì ńlá kan wà lábẹ́ omi tí àwọn elédè Faransé ń pè ní Trou Sans Fond, ihò tí kò nísàlẹ̀. Ẹrẹ̀ àti iyanrìn máa ń kó jọ sí etí irú àfonífojì bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀gbẹ́ kan á fi ya, tí gbogbo rẹ̀ á wá ṣàn lọ sísàlẹ̀ bí àgbàrá.

Ọ̀rọ̀ àgbàrá abẹ́ òkun yìí ni ó wọ̀ mí lára jù lọ nínú gbogbo ìròyìn sáyẹ́ǹsì tí mo ti kà láàárín ọdún mélòó kan yìí. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1929, ilẹ̀ mì ní Grand Banks, létí òkun Kánádà. Wáyà tẹligíráàfù méjìlá ló já níbẹ̀, àwọn kan já lójú ẹsẹ̀, àwọn tó jìnnà sí i já lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín wákàtí bíi mélòó kan lẹ́yìn náà. Nítorí pé wáyà ni, wọ́n mọ ìṣẹ́jú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dákẹ́. Àkọsílẹ̀ yẹn wà nílẹ̀ fún ohun tó ju ogún ọdún lọ kí Bruce Heezen àti Maurice Ewing, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, tó mú un jáde lọ́dún 1952, tí wọ́n fi àkókò tí wáyà já pín ọ̀nà tó wà láàárín wọn, tí wọ́n sì rí i pé nǹkan kan ló ń sáré lọ nísàlẹ̀ òkun tó ń já wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan bó ti ń dé ọ̀dọ̀ wọn: ẹrẹ̀ tó po mọ́ omi, tó ń yára bí ọkọ̀ lórí títì. Wáyà tó kú ló jẹ́rìí sí ohun tó pa á.

Ohun kan náà tún ṣẹlẹ̀ ní itòsí wa. Ní ìparí ọdún 2019, odò Kóńgò kún lọ́nà tí kò tíì kún rí láti àwọn ọdún 1960 wá. Ẹrẹ̀ tó gbé wá kó jọ sẹ́nu ibi tó ti ń wọ òkun, ó wà níbẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ méjì, kó tó ya lóṣù Kínní ọdún 2020, ó sì rìn nísàlẹ̀ òkun fún ohun tó ju 1,100 kìlómítà lọ, ọjọ́ méjì gbáko ló fi rìn ín. Ó já SAT-3, ó já WACS. Àwọn onímọ̀ ti gbé ẹ̀rọ sínú àfonífojì yẹn ṣáájú, ẹrẹ̀ sì já àwọn ẹ̀rọ náà kúrò lórí ìdè wọn, wọ́n léfòó sójú omi, nípa bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi mọ bó ti ń yára tó. Bí òjò bá rọ̀ jù nínú igbó Kóńgò, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè falẹ̀ l'Ékòó. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023 irú rẹ̀ tún wáyé níbẹ̀, okùn méjì kan náà ló sì tún já.

Àtúnṣe rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí bí àwọn bàbá wa ṣe máa ń wá korobá tó já sínú kànga. Wọ́n á kọ́kọ́ rán ìmọ́lẹ̀ láti etíkun, wọn á sì ka bó ti pẹ́ tó kó tó padà, kí wọ́n lè mọ ibi tó ti kan òpin. Ọkọ̀ á wá lọ síbẹ̀. Léon Thévenin ni orúkọ ọ̀kan nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó ń ṣọ́ apá ibí yìí, Cape Town ni ibùdó rẹ̀, ọdún 1983 ni wọ́n sì kàn án. Tó bá débẹ̀, á ju ìkọ́ irin sínú omi, á máa fi wọ́ ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun títí á fi kọ́ okùn. Wọ́n á fà á gòkè, wọ́n á bó ike, wọ́n á bó irin, títí dé gíláàsì tín-ín-rín inú rẹ̀. Ènìyàn kan á jókòó nínú yàrá tó mọ́ tónítóní lórí ọkọ̀ tí ìgbì ń mì, á gé ojú gíláàsì méjì kó dọ́gba, á kó wọn sínú ẹ̀rọ tó ń fi iná yọ́ wọn pọ̀ mọ́ra, á wò ó, á sì mú òmíràn. Lọ́dún 2024, àwọn MainOne ní ìrìn ọkọ̀ nìkan yóò gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, iṣẹ́ gan-an yóò gba ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì.

Ṣùgbọ́n a kò dúró dè wọ́n. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni àjọ NCC, tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, sọ pé ìlò ti padà dé nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Okùn mìíràn ló gbé ẹrù àwọn tó já. Èyí tó ṣe gudugudu jù nínú wọn ni Equiano, okùn tí Google ná owó lé lórí láti Portugal dé South Africa, tó gúnlẹ̀ sí Lomé ní oṣù Kẹta ọdún 2022, tó sì gúnlẹ̀ sí Èkó ní oṣù Kẹrin ọdún náà. Orúkọ Olaudah Equiano ni wọ́n sọ ọ́, ọkùnrin tó kọ ìtàn ara rẹ̀ lọ́dún 1789 nípa bí wọ́n ṣe jí i gbé nílẹ̀ Ìgbò, tí wọ́n sì tà á kọjá òkun. N kò tíì mọ ohun tí mo rò nípa orúkọ náà. Ó yẹ kí a yẹ́ ẹ sí, bẹ́ẹ̀ ni. Síbẹ̀, omi kan náà ni, ilé-iṣẹ́ ìlú òyìnbó ló tún ni ohun tó ń gba inú rẹ̀ kọjá, ẹni tí wọ́n tà ni wọ́n sì wá fi orúkọ rẹ̀ pè é. Bóyá èmi ni mo ń ro àròjù.

Nítorí kò yẹ kí ọ̀rọ̀ ẹni tó ni okùn ṣú èèyàn lójú débi tí kò fi ní rí ti àwọn tiwa. Lọ́dún 1886 ni wáyà tẹligíráàfù abẹ́ òkun kọ́kọ́ so Èkó mọ́ Lọ́ńdọ̀nù, ìjọba amúnisìn ló sì wà fún. Nígbà tí SAT-3 dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 sókè, NITEL, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, nìkan ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní Nàìjíríà, owó tí wọ́n sì ń gbà kò jẹ́ kí ẹni kékeré sún mọ́ ọn. Obìnrin kan, Funke Opeke, ọmọ Ilé-Olújì tó kàwé ní Ifẹ̀, tó sì ti ṣiṣẹ́ l'Ámẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ló padà wálé, tó dá MainOne sílẹ̀ lọ́dún 2008. Ó kó nǹkan bíi mílíọ̀nù 240 dọ́là jọ, ó sì fa okùn tó gùn tó 7,000 kìlómítà láti Portugal gba Accra wọ Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2010. Ẹni tó bá ti jókòó sí kàfé íntánẹ́ẹ̀tì l'Ágbowó ṣáájú ìgbà náà, tó ń wo àwòrán kan ṣoṣo tó ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni ń bọ́ aṣọ, á mọ ohun tí obìnrin yẹn ṣe. Ní ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ Equinix ti Amẹ́ríkà ra MainOne ní mílíọ̀nù 320 dọ́là. Inú mi dùn fún obìnrin náà, inú mi sì bàjẹ́ fún ara mi, nítorí mo ti máa ń fi orúkọ ilé-iṣẹ́ náà yangàn bí ẹni pé mo ní ìpín níbẹ̀.

Gbogbo èyí kò tíì dáhùn ọ̀rọ̀ àkàrà. Owó mi wà ní báńkì kan ní Nàìjíríà, ti ìyá wà ní òmíràn ní Nàìjíríà. Kí ló gbé wa dé Portugal? Àbúrò mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà l'Ékòó ló là mí lóye. Ó ní, "Bùọ̀dá mi, owó yín kò lọ ibì kankan. Ẹni tó máa sọ pé ẹ̀yin lẹ ni ín ló wà lókè òkun." Ó ṣàlàyé pé áàpù kan lè ní ọ̀pọ̀ ẹ̀yà: ibi tó ń yẹ ọ̀rọ̀ aṣínà wò, ibi tó ń fi alẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, ibi tó ń ṣọ́ àwọn gbájúẹ̀. Àwọn tó ń kọ áàpù sì máa ń gbé díẹ̀ nínú ẹ̀yà wọ̀nyí sórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n háyà nílẹ̀ Yúróòpù tàbí South Africa, ohun tí wọ́n ń pè ní àwọsánmà, tí ìmọ́lẹ̀ ń lọ bẹ̀ ẹ́ wò kó tó padà wá jẹ́ iṣẹ́ fún wa. Mo ṣírò rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bíi 200,000 kìlómítà nínú gíláàsì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láti Èkó dé Portugal, ìdá 35 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá ni. Ìyẹn yára ju kí èèyàn ṣẹ́jú lọ, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó fura pé òun ń jáde nílùú nígbàkígbà tó bá ra àkàrà.

Mo bi í pé kí ló dé tí wọn kò fi wọ́n sí Èkó. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní iná ni, ó ní dísù ni, ó ní ẹni tó háyà kọ̀ǹpútà ní Ireland kì í jí lóru láti lọ wo jẹnẹrétọ̀. N kò lè bá a jiyàn. Ibùdó ńláńlá tí wọ́n ń kó kọ̀ǹpútà sí wà l'Ékòó, láti ọdún 2006 ni IXPN náà sì ti wà, ibi tí àwọn onínẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà ti ń pàdé ara wọn kí ọ̀rọ̀ láti Ìkẹjà sí Yábà má baà gba Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n ojúpàdé kò wúlò fún ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò sí nílé. Láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni owó kọ̀ǹpútà àháyà, tí wọ́n ń fi dọ́là san, ti ń ta wọ́n lára. Lójú tèmi, ìnira yẹn lè kó ẹrù wálé ju ìpàdé lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò kórìíra ìpàdé: ní oṣù Kejì ọdún 2025, Àbújá ni àwọn aṣojú láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ti pàdé lórí bí wọn yóò ṣe dáàbò bo okùn abẹ́ òkun, mínísítà wa, Bosun Tijani, sì wà lára àwọn alága rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ dára. Okùn tuntun náà ń bọ̀, 2Africa tí Meta, tó ni Facebook, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fà yí Áfíríkà ká ni wọ́n ṣètò pé kó gùn tó 45,000 kìlómítà. Bí okùn bá ṣe ń pọ̀ tó ni jíjá ọ̀kan kì yóò ṣe dùn wá tó. Ìyẹn nìkan kò ní mú kí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta padà di ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tí okùn já yẹn, mo mú ẹgbẹ̀rún náírà gidi dání, mo padà sí Mọ́kọ́lá. Ìyá alákàrà ní kí n fi owó mi sápò, pé alẹ́ẹ̀tì ti dé, pé aago méjì òru ló jí òun. Ó nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀, ó fa ìwé kíkọ ọmọ ilé-ìwé kan jáde lábẹ́ àpótí, epo ti mu etí rẹ̀. Ibẹ̀ ló kọ gbogbo àwọn tó gbé àkàrà lọ lọ́jọ́ náà sí. Kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí náà ó kọ "Dàńṣíkí búlúù, 500", ó kọ "Ọmọ Alájà, 700", ó kọ "Onígíláàsì, 1,000". Ó wo ojú mi, ó fi bírò fa ìlà kọjá lórí onígíláàsì, ó sì bi mí pé ti èló ni n óò rà lónìí.